Ìkànkùn Mẹ́ta Lẹ́yìn Dùùrù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Ìyá Dùùrù ṣì ń gbé ife méjì kalẹ̀ láràárọ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó mọ̀ dáadáa pé ẹni tó ń fi ìkejì mu tíì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó mọ ọjọ́, ó mọ wákàtí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbé ife náà, kì í ṣe òun. Tó bá ti gbé e kalẹ̀ tán, a wò ó bí ẹni ń wo ọjà tí kò ní í rà, a sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Kò dùn ún. Kò sí ohun tó ń dùn ún.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Obìnrin yìí ń ríran ní tiẹ̀, ó ń rí gbogbo nǹkan kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹkún ni kò rí sun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí ojú gbogbo ìjọ ń da omi wẹ̀ẹ̀wẹ̀ẹ̀, bọ́tìnnì kan tó fẹ́ já lára ẹ̀wù àlùfáà ló ń wò. Wọ́n sì rí i. Ìjọ tí ọdún méjì ti kọjá tí wọn ò rí ihò tó wà lára òrùlé wọn, wọ́n rí i pé ojú opó gbẹ. Wọ́n ní, "Àbí kò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni?" Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ ìyẹn fún àwọn tó máa ń jókòó sí ìlà kejì?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tọkọtaya yìí fi jọ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó á jókòó sídìí dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Ọkọ á wà lẹ́yìn, nínú yàrá híhá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àpótí aṣọ lọ, á máa fẹ́ ẹwìrì. Dùùrù ayé àtijọ́ ni. Àwọn fèrè tó dúró gbọọrọ lára rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún: èyí tó ga jù ga ju ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká lọ, èyí tó kéré jù kò ju ọmọńdinrín lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dún láìsí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà kò sì ní í wá láìsí ẹni tí yóò máa fa ọ̀pá igi kan sókè sódò, bí ẹni ń fa omi jáde láti inú ilẹ̀. Wẹ́dà ni ọkùnrin náà láàárín ọ̀sẹ̀. Apá rẹ̀ le, kò mọ ìwé orin kà. Bàbá Ẹwìrì ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Láti ẹ̀yìn ló ti mọ orin. Nínú yàrá akọrin, wọ́n gbé àwòrán àwọn àgbà tó ṣe orin láyé àtijọ́ kọ́ sára ògiri, Báàkì, Háńdẹ̀lì àti Háídìn, gbogbo wọn pẹ̀lú irun funfun àdélórí. Ọ̀gá akọrin a máa sọ ìlú tí wọ́n gbé àti ọdún tí wọ́n kú. Bàbá Ẹwìrì ò bá ọdún ṣe. Bí wọ́n ṣe ń jẹ afẹ́fẹ́ ló fi dá wọn mọ̀. Ó sọ Báàkì ní Onírun, ó sọ Háńdẹ̀lì ní Oníkùn, ó sọ Háídìn ní Bàbá Jẹ́jẹ́.

"Oníkùn yẹn," ló máa ń wí lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ẹ̀wù bá ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, "bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè ló ṣe ń jẹun. A kó gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, a wá fẹ̀yìn tì. Èèyàn lè bá ìyẹn ṣe é. Bàbá Jẹ́jẹ́, ọmọlúàbí ni ní tiẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Onírun! Kì í bu òkèlè ńlá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dá. Ẹni tó bí ogún ọmọ, ìsinmi wo lẹ fẹ́ kó mọ̀?"

Òfin kan wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọkọ ìyàwó àti ìyàwó tuntun, ìyàwó fi ìwàǹwára gbọ́wọ́ lé dùùrù kí afẹ́fẹ́ tó kún, ni dùùrù bá ké bí abo màlúù tó ń rọbí, lójú gbogbo ìjọ, lójú bíṣọ́ọ̀bù tó wá ṣèbẹ̀wò. Láti ọjọ́ náà, ọkọ á fẹ́ ẹwìrì títí yóò fi kún, á wá fi oríkèé ìka kan pákó ẹ̀yìn dùùrù lẹ́ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ìyàwó tó máa sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, obìnrin náà kò tẹ dùùrù yẹn rí láìgbọ́ ìkànkùn mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọkùnrin náà kú, nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ síbi ìdánrawò. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn láti wọ bàtà. Ó wọ ẹyọ kan. Ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìdáná dé, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣetán?" Kò dáhùn, ẹyọ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tò wọ́n pọ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

Wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀rọ ni ìjọ fi rọ́pò Bàbá Ẹwìrì. Inú rere ni wọ́n fi rà á. Wọ́n gbé e sínú yàrá híhá yẹn, wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ dùùrù kò ní ju kó tan án lọ, afẹ́fẹ́ á kún, á sì wà ní kíkún. Ọ̀pá igi àtijọ́ le jù láti yọ, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó padà síbi ìdánrawò, Ìyá Dùùrù tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kùn yunmuyunmu. Ó gbé ẹsẹ̀ sáyè wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dùùrù, ó dúró. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé, ó pẹ́ lónìí.

"Màmá, ó ti yá," ni ọ̀gá akọrin wí. Olùkọ́ ìṣirò ni ọ̀dọ́kùnrin náà, ó fẹ́ràn kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ lákòókò.

"Mo ń bọ̀."

Ọwọ́ ò sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń gbàdúrà ni?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin olóhùn òkè ló béèrè lẹ́yìn ìwé orin rẹ̀.

"Àdúrà wo ló gùn tó báyìí? Àfi bí wọ́n bá fẹ́ ka orúkọ gbogbo wa níkọ̀ọ̀kan."

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí tìẹ, tìẹ ló máa pẹ́ jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbọ́ wọn. Kò bínú, ojú kò tì í. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lókè bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Nígbà tó ṣe, ó pa ẹ̀rọ, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Bó ṣe rí lọ́sẹ̀ kìíní náà ló rí lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Àwọn ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn, apòògùn ìtòsí, tó ní dùùrù kékeré oníná kan, ló bá wọn gbé orin. Ó ń ṣe dáadáa, a ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ orin Báàkì lórí dùùrù kékeré yẹn, bí ẹni fi síbí tíì gbẹ́ kànga ni.

Ni àlùfáà bá wá sílé lọ́jọ́ Ajé. Ó jókòó sétí àga, ó gba ife tíì, kò mu ún.

"Màmá, ìgbìmọ̀ ti jókòó."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Dùùrù tí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́, eku ló ń gbà á. Kò sì sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ nínú wa. Ohun tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ ni pé, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, orin Báàkì yẹn tí ẹ máa ń fi ṣíde ìsìn. Bí kò bá wá ṣeé ṣe, a ó tì í pa, a ó máa lo ti apòògùn. Kì í ṣe pé a fẹ́ lé yín, Màmá."

"Mo gbọ́."

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà. Ẹ mu tíì yín, ó ń tutù."

Lẹ́yìn tó lọ, obìnrin náà jókòó síbẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Tí wọ́n bá ti dùùrù yẹn pa, wọ́n ti iṣẹ́ ọwọ́ òun pa nìyẹn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ibi tí ọkọ òun ti fi apá rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó yẹ kó dun òun. Ó wá ìrora nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò bá a níbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ìsìnkú ló bá wá, kò lọ mọ́. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọbẹ̀ yẹn ń kọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó dára."

"Ó dára? Síbí iyọ̀ mẹ́ta ni mo dà sí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà nílé."

"Ó dára."

"Àná, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i, ẹ ní ó dára. Tó bá di lọ́la, kànìnkànìn ni màá sè."

"Rọra sè é kó rọ̀," ni Ìyá Dùùrù wí, ó sì ń jẹun lọ.

Àbúrò kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ tún dúró lókè. Nígbà tí àwọn akọrin ti lọ tán, ọ̀gá akọrin fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú láti ọjọ́ mélòó kan, ìwé ló sì ti rí i.

"Màmá, Báàkì náà rí irú èyí. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ìyàwó rẹ̀ wà láàyè nígbà tó ń lọ. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti sin ín. Kò tilẹ̀ rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà sídìí iṣẹ́, Màmá. Ó padà sídìí dùùrù."

Obìnrin náà pa ìwé orin dé.

"Ta ló ń fẹ́ ẹwìrì fún un?"

"Ẹ ní?"

"Nígbà tó padà. Ta ló wà lẹ́yìn?"

Kò sí nínú ìwé tó kà. "Mi ò mọ̀, mà. Wọn ò sábà kọ orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

"Rárá," ni obìnrin náà wí. "Wọn kì í kọ ọ́."

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mi ò lè sọ. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, ẹnikẹ́ni kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn dùùrù wọlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹ̀rọ tuntun wà nílẹ̀ bí ajá tó yó. Ọ̀pá igi ṣì wà níbi tó wà, ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti ń dì í mú ń dán bíi gíláàsì. Àga àpótí rẹ̀ nìyẹn. Tówẹ̀lì rẹ̀ nìyẹn, ó ti gbẹ gan-an. Òjé kékeré kan so rọ̀ lórí okùn lára pákó. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kún ni òjé náà ń sọ̀kalẹ̀, tó bá kan ìlà funfun, ó ti kún nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó yíjú sí ògiri, ó rí ìwé. Ṣọ́ọ̀kì funfun tí àwọn wẹ́dà fi ń sàmì sára irin ni ọkùnrin náà fi kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà:

ONÍRUN: MÁ SÙN.

ONÍKÙN: JẸUN YÓ KÍ O TÓ WÁ.

BÀBÁ JẸ́JẸ́: O LÈ MU OMI.

Nísàlẹ̀, lábẹ́ ìlà kan, lẹ́tà wọn kéré sí i:

ONÍRUN, OJÚ EWÉ KẸTA. Ó MÁA Ń SÁRÉ NÍBẸ̀. FÀ Á DÁADÁA KÓ TÓ DÉBẸ̀. MÁ SỌ FÚN UN.

Obìnrin náà kà á tán. Ó kà á bí ẹni ń ka ìkìlọ̀ ara géètì. Ojú ewé kẹta yẹn ló rò pé òun mọ̀ jù nínú gbogbo orin náà. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń yìn ín. Ó fi ìka kan "sáré" yẹn, ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó nù ún sára yẹ̀rì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé.

"Ó ní mo máa ń sáré," ló wí nígbà tí wọ́n ń fọ àwo.

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi. Ní ojú ewé kẹta orin Onírun. Ó kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n má sọ fún mi."

Ni àbúrò rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ọṣẹ fi ta sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò fi lè tẹ nǹkan yìí?"

"Kò tíì kànkùn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ṣàlàyé ìkànkùn mẹ́ta náà, ó ṣàlàyé òjé àti ìlà funfun, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Àbúrò rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ láìdá ọ̀rọ̀ padà tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń fọ àwo kan náà léraléra.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọ̀rọ̀ ti tàn pé òní ni Ìyá Dùùrù máa tẹ̀ ẹ́ tàbí kó fi í sílẹ̀, àwọn tí wọn kì í tètè dé sì tètè dé. Apòògùn ti gbé dùùrù kékeré rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi aṣọ bò ó; ojú ń tì í, kì í ṣe èèyàn búburú. Kọ́kọ́rọ́ dùùrù ńlá wà lọ́wọ́ àlùfáà, gbogbo ìjọ ń rí i. Àbúrò jókòó síwájú pátápátá.

Ìyá Dùùrù tan ẹ̀rọ. Ó ṣí ìwé orin. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Ẹ̀rọ ń kùn.

Ẹnì kan wúkọ́. Ọmọdé kan béèrè nǹkan, wọ́n bò ó lẹ́nu. Ọ̀gá akọrin ń wo ilẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Obìnrin náà ń dúró. Ó mọ̀ pé òun ń dúró de ẹni tí kò ní í wá, mímọ̀ yẹn kò sì ran ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń wo ìlà àkọ́kọ́. Ó ń ronú pé àwọn èèyàn máa fẹ́ jókòó.

Ni àbúrò rẹ̀ bá dìde. Ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, "Ẹ bá mi mú un," ó gba ẹ̀gbẹ́ dùùrù kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ilẹ̀kùn kékeré lọ.

Ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì.

Gbogbo ìjọ mí sókè pọ̀. Wọ́n wá gbọ́ ohùn igi gbígbẹ láti ẹ̀yìn, ó ń han kéé, ó ń han kéé, wọ́n sì gbọ́ ẹnì kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó pẹ́. Àlùfáà ti dìde, ó ti na ọwọ́ sí apòògùn.

Kó.

Kó.

Ìkẹta kò wá. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń wá èémí, tàbí ó ń wo òjé. Àlùfáà la ẹnu láti kéde orin.

Kó.

Ọwọ́ obìnrin náà sọ̀kalẹ̀.

Mo fẹ́ lè sọ pé ọkàn rẹ̀ là, pé omi ojú dà. Kò dà. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà, wọ́n ń lọ. Ó ń wò wọ́n. Àwọn fèrè ńlá ń dún nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké ń lé ara wọn lókè, bí Onírun ṣe máa ń ṣe, láìsinmi, láìwẹ̀yìn. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ó ṣí ìkẹta. Ìgbà tó sì débẹ̀, ó gbọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ń sáré. Òótọ́ ni. Kó tó fa ọwọ́ padà, afẹ́fẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó le, ó kún, ó gbé gbogbo eré rẹ̀ dúró, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ nínú ìjọ pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe. Àbúrò ti ka ògiri.

Ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin ojú ewé kẹfà, ó gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n ṣe ìsìn wọn.

Lẹ́yìn ìsìn, àbúrò jáde láti ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ti tú, ṣọ́ọ̀kì wà ní gbogbo èjìká rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ wa?" ni àlùfáà béèrè.

"Ó ń sinmi, sà. Ṣé ọjọ́ Ìsinmi kọ́ ni?"

Àlùfáà wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí Ìyá Dùùrù lọ́wọ́, ó ní kó máa mú un lọ sílé. Ó mú un.

"Ẹ wo apá mi," ni àbúrò ń wí lójú ọ̀nà. "Mi ò ní í lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́ tó fi di Ọjọ́rú. Onírun yẹn, ìkà ni. Ta ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Oníkùn."

"Kí ni ògiri wí nípa tiẹ̀?"

"Jẹun yó kí o tó wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ láti òní."

Nílé, àbúrò gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó jókòó sídojúkọ rẹ̀. Ìyá Dùùrù bu síbí kan, ó gbé e sẹ́nu, ó dúró. Ó gbé síbí kalẹ̀.

"Iyọ̀ yìí pọ̀ jù."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó pọ̀ jù. Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Fún mi lómi."

Àbúrò sáré lọ. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó bu omi sí i, ó gbé e wá. Ife kejì ni. Obìnrin náà wò ó díẹ̀. Ó mu omi náà tán, ó sì gbé ife náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.